Alumíníọ̀mù tó ń ṣẹ́kù sínú omi mímu: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n, bẹ́ ẹ ṣe máa dín in kù

Omi tó rú, ẹ da álọ́ọ̀mù sí i, ẹ rò ó, ẹ gbé e sílẹ̀, kó tó tó wákàtí kan ó ti tòrò, gbogbo ẹrẹ̀ ti wà nísàlẹ̀. Ta ni inú ẹ̀ ò ní dùn? Ìbéèrè tó kù ni pé álọ́ọ̀mù yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé gbogbo ẹ̀ ló bá ẹrẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ni? Èyí tó pọ̀ jù bá a lọ lóòótọ́, àmọ́ díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú omi tá a fẹ́ mu, alumíníọ̀mù tó wà nínú èyí tó ṣẹ́kù yẹn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, látorí bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ títí dórí bẹ́ ẹ ṣe máa lé e jáde, yálà ẹ̀yin lẹ̀ ń bójú tó ẹ̀rọ omi fún ọ̀pọ̀ èèyàn o, tàbí omi ilé yín nìkan lẹ̀ ń rò.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Tí alumíníọ̀mù bá pọ̀ nínú omi tó ti kọjá fíltà, lọ́pọ̀ ìgbà pH (nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó) ni ò dáa tàbí fíltà ló ń jò, dóòsì álọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ kọ́ lẹ́ni àkọ́kọ́ tó yẹ ká fura sí. Àwọn tó bá ti rí nọ́ńbà ńlá nínú rípọ́ọ̀tù tí wọ́n wá sáré gé álọ́ọ̀mù sí ìdajì, ẹrẹ̀ àti kòkòrò àìsàn ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún, alumíníọ̀mù yẹn sì tún lè pọ̀ sí i pàápàá, torí ohun tí ò dì dáadáa ò ní dúró sínú fíltà.

Ṣé ó tiẹ̀ ń pani lára?

Ó dá lórí ẹni tó ń mu ún àti iye tó wà níbẹ̀. Kò sí irin tó pọ̀ nínú erùpẹ̀ ayé yìí tó alumíníọ̀mù, bíi 8% erùpẹ̀ ni, torí náà ó wà nínú oúnjẹ, ó wà nínú eruku, ó wà nínú oògùn inú kíkan tí wọ́n ń tà. Inú oúnjẹ la ti ń rí èyí tó pọ̀ jù, ti omi ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èyí tá a bá sì mu pẹ̀lú omi, nínú 1000 bóyá la fi máa rí 3 tó máa wọnú ẹ̀jẹ̀, ìyókù á bá ìgbẹ́ jáde, èyí tó wọnú ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún, kíndìnrín ló máa lé e jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ dá ṣáṣá tó ń mu omi tí alumíníọ̀mù inú ẹ̀ jẹ́ 0.1 tàbí 0.2 mg nínú lítà kan, kó fọkàn balẹ̀.

Ti àrùn Alzheimer, ìyẹn àrùn tó ń mú kí iyè àgbàlagbà máa ra, táwọn èèyàn máa ń pariwo, àwọn onímọ̀ ti ṣèwádìí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan rí i pé ó jọ pé nǹkan kan pa á pọ̀ mọ́ omi tó ní alumíníọ̀mù, àwọn míì ò rí nǹkan kan, títí di báyìí kò sí ẹ̀rí tó dúró pé omi ló ń fà á. Mi ò ní fi ìyẹn dẹ́rù bà yín, mi ò sì ní sọ pé ẹ gbàgbé ẹ̀ pátápátá.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an làwọn tó ń lo ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n bá lo ẹ̀rọ yẹn, ó lè gba omi tó lé ní 100 lítà, awọ tín-ín-rín kan báyìí ló wà láàárín omi yẹn àti ẹ̀jẹ̀ wọn, kò sí ìfun tó máa ti alumíníọ̀mù sẹ́yìn, kíndìnrín tó yẹ kó lé e jáde náà ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni wọ́n já a pé ohun tó ń mú káwọn aláìsàn yìí máa kólòlò, kí ara wọn máa já pàtì, kí iyè wọn máa ra, kí egungun wọn máa rọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ wọn máa gbẹ, alumíníọ̀mù ni. Torí ẹ̀ ni omi tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ò fi gbọ́dọ̀ kọjá 0.01 mg nínú lítà kan. Lọ́dún 1996 ní erékùṣù Curaçao, wọ́n gbé páìpù omi tuntun sílẹ̀, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ inú ẹ̀, omi ibẹ̀ sì jẹ́ omi òkun tí wọ́n ti yọ iyọ̀ ẹ̀, tó máa ń jẹ nǹkan. Omi yẹn jẹ sìmẹ́ǹtì, alumíníọ̀mù inú sìmẹ́ǹtì bọ́ sómi, ó dé ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, aláìsàn 10 ló kú. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó da álọ́ọ̀mù sí nǹkan kan níbẹ̀.

Èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tún yàtọ̀. Ní July 1988, ní Camelford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ kan da 20 tọ́ọ̀nù álọ́ọ̀mù olómi sínú táǹkì tí kò yẹ kó dà á sí, ó sì lọ tààrà sínú omi tí bíi 20,000 èèyàn ń mu. Omi náà kan bí ọtí kíkan, ó ń bó kọ́pà àti òjé lára páìpù, ẹnu àwọn èèyàn bó, inú ń run wọ́n, irun àwọn míì di àwọ̀ ewé, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó jẹ́ káráàlú mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ̀ ń lé

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé tó bá jẹ́ ti ìlera nìkan, a lè gbé e dé 0.9 mg nínú lítà kan, àmọ́ ilé iṣẹ́ omi tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ lè ṣe dáadáa ju ìyẹn lọ, torí náà 0.1 tàbí kó kéré sí i ló yẹ kílé iṣẹ́ ńlá lè ṣe, 0.2 fún kékeré. Amẹ́ríkà fi tiẹ̀ sáàárín 0.05 sí 0.2, ìyẹn nítorí àwọ̀ omi ni. Ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé 0.2.

Ẹ wo nǹkan tí àwọn nọ́ńbà yìí ń sọ o. 0.2 yẹn kì í ṣe ààlà pé tẹ́ ẹ bá ti mu 0.21 ẹ máa dùbúlẹ̀ àìsàn, àmì ni, pé níbi tí wọ́n ti ń tún omi ṣe, nǹkan kan ò lọ bó ṣe yẹ, ohun tó sì jẹ́ kí alumíníọ̀mù kọjá lè jẹ́ kí kòkòrò àìsàn náà kọjá. Ìyẹn gan-an ló máa ń bà mí lẹ́rù ju alumíníọ̀mù lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣírò iye tẹ́ ẹ dà sí i

Álọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́, alumíníọ̀mù inú ẹ̀ jẹ́ bíi 9%. Tẹ́ ẹ bá da 30 mg sínú lítà omi kan, 2.7 mg alumíníọ̀mù lẹ dà síbẹ̀ yẹn. Ká ní 0.2 ló wá jáde lẹ́yìn fíltà, a jẹ́ pé èyí tó ju 90% lọ ti kúrò. Álọ́ọ̀mù òkúta funfun tí wọ́n ń tà fún ìlò ilé sábà máa ń jẹ́ oríṣi kejì tó ní pọtásíọ̀mù nínú, tiẹ̀ ò ju bíi 5.7% lọ.

Ẹ má gbàgbé láti tẹ́ẹ̀sì omi tútù fúnra ẹ̀, ìyẹn omi tẹ́ ẹ ò tíì tún ṣe, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Omi kànga tó kan, tí pH ẹ̀ ò tó 5.5, lè máa yọ́ alumíníọ̀mù látinú òkúta àti erùpẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kankan da nǹkan sí i, odò tó ń gbé amọ̀ náà ń gbé alumíníọ̀mù nìyẹn torí inú amọ̀ ló kún sí. Mo ti rí i táwọn èèyàn ń bá álọ́ọ̀mù jà fún ohun tó wá látinú ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ bu omi fún tẹ́ẹ̀sì, méjì ni kẹ́ ẹ bù

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́, torí náà ẹ fara balẹ̀. Ìgò ike ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo ti gíláàsì, kẹ́ ẹ sì ti fi ásíìdì díẹ̀ ṣan inú ẹ̀ kẹ́ ẹ wá fi omi tó mọ́ gan-an ṣan án nù. Ìgò méjì láti orísun kan náà, lásìkò kan náà.

Ìgò àkọ́kọ́, ẹ bu omi bó ṣe wà, kẹ́ ẹ kán ásíìdì nítíríkì sí i títí pH á fi wá sísàlẹ̀ 2. Tẹ́ ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, alumíníọ̀mù á lẹ̀ mọ́ ara ìgò, tó bá máa fi dé lábù nọ́ńbà ti kéré sí bó ṣe yẹ. Èyí ló máa sọ àpapọ̀ gbogbo alumíníọ̀mù tó wà níbẹ̀.

Ìgò kejì, ẹ kọ́kọ́ fi sìríǹjì ti omi náà gba inú fíltà kékeré tí ihò ẹ̀ jẹ́ 0.45 máíkírọ̀n, lẹ́yìn náà lẹ ó tó kán ásíìdì. Ẹ má dà á rú o, tẹ́ ẹ bá kán ásíìdì kẹ́ ẹ tó sẹ́ ẹ, gbogbo èyí tó dì á yọ́ padà, ìgò méjèèjì á wá ń sọ ohun kan náà fún yín. Èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ sẹ́ yìí ló máa sọ iye tó yọ́ mọ́ omi.

Lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ pH omi náà sílẹ̀, ẹ kọ bó ṣe gbóná tó, àti bó ṣe rú tó, ìyẹn NTU. Rípọ́ọ̀tù tó bá gbé nọ́ńbà alumíníọ̀mù nìkan wá tí ò sọ pH fún yín, ìlàjì iṣẹ́ ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ fúnra yín, àwọn ẹ̀rọ kékeré wà tó máa ń fi àwọ̀ sọ iye tó wà níbẹ̀, ẹ máa da kẹ́míkà sí omi, àwọ̀ á yọ, ẹ̀rọ á kà á. Wọ́n dáa tó láti fi mójú tó omi lójoojúmọ́, àmọ́ fúlóráìdì tó bá wà nínú omi máa ń jẹ́ kí nọ́ńbà wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kì í lè ka èyí tó bá pọ̀ jù, ẹ ní láti fi omi tó mọ́ là á, kẹ́ ẹ sì fi iye ìlọ́po tẹ́ ẹ fi là á sọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí di púpọ̀. Tí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn bá wà níbẹ̀, lábù gidi ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ka nọ́ńbà méjèèjì pa pọ̀

Tí àpapọ̀ bá pọ̀ àmọ́ tí èyí tó yọ́ mọ́ omi kéré, ká ní 0.45 àti 0.05, a jẹ́ pé alumíníọ̀mù ti dì, kò kàn dúró síbi tó yẹ ni. Fíltà lẹ ó lọ wò, àti ibi tí omi ti ń tòrò ṣáájú ẹ̀. NTU náà á ti sọ fún yín, omi á máa rú díẹ̀.

Tí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, 0.45 àti 0.40, omi yín lè mọ́ gaara bí ẹ bá wò ó lójú, NTU lè dáa, síbẹ̀ alumíníọ̀mù ti yọ́ mọ́ ọn, kò sí fíltà iyanrìn láyé yìí tó máa mú un. pH nìyẹn. Ẹ ò lè fi fíltà yanjú ẹ̀, ẹ ò báà rà á ní mílíọ̀nù.

Ohun tó fà á rèé. Alumíníọ̀mù máa ń yọ́ nínú omi tó bá kan, ó sì tún máa ń yọ́ nínú omi tí pH ẹ̀ bá ga, àárín méjèèjì ló ti ń dì. Ibi tó ti ń dì jù máa ń wà láàárín pH 6 sí 7, omi tó bá tutù gan-an máa ń fẹ́ kó sún mọ́ 7, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń fẹ́ kó sún mọ́ 6. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, bí pH bá ṣe ń fi 1 gòkè ni èyí tó lè yọ́ mọ́ omi á máa fi ìlọ́po 10 pọ̀ sí i. Ẹni tó ń da álọ́ọ̀mù sí omi tí pH ẹ̀ jẹ́ 8.2, tó wá ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé, ìdáhùn ẹ̀ ti wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Jar test (dídán dóòsì wò nínú àwọn ife kéékèèké), ẹ má fò ó

Ẹ yọ́ 10 g álọ́ọ̀mù sínú lítà omi kan. Mílílítà 1 lára omi yìí tẹ́ ẹ bá da sínú lítà kan omi tẹ́ ẹ fẹ́ tún ṣe, 10 mg lẹ fi sí i yẹn, ìṣirò ẹ̀ rọrùn. Ẹ to bíkà (ife gíláàsì lábù) mẹ́fà, kí ìkọ̀ọ̀kan gba lítà kan omi tẹ́ ẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ fi 10, 20, 30, títí dé 60 mg sí wọn.

Ẹ rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú 1, nǹkan bíi 100 sí 200 yíyí láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ẹ rọra máa rò ó, bíi 30 yíyí, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti la ojú yín. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ omi á kàn ṣú, bíi pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ máa rí àwọn nǹkan wínníwínní tó ń fò nínú ẹ̀, wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á wá rí bí òwú tí wọ́n já sínú omi, àárín wọn á mọ́ kedere. Bíkà tí àárín òwú ẹ̀ mọ́ ló ń ṣe dáadáa. Èyí tó kàn funfun bí ẹni da mílíìkì sí i tí ò mọ ibi tó ń lọ, dóòsì ẹ̀ ò tó, tàbí ó ti pọ̀ jù, tàbí pH ni. Ẹ dá rírò dúró, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, ẹ fi sìríǹjì fa omi látòkè, ìwọ̀n ìka méjì sísàlẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀.

Ẹ fi pépà fíltà sẹ́ ẹ, ẹ wọn NTU, ẹ wọn pH, ẹ wọn alumíníọ̀mù. Ẹ jọ̀ọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. Àwọn tó ń fi ojú nìkan mú bíkà tó mọ́ jù, dóòsì tó jẹ́ kí omi mọ́ ni wọ́n mú, ó lè má jẹ́ èyí tí alumíníọ̀mù ẹ̀ kéré jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tún un ṣe, dóòsì kan náà nínú bíkà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà báyìí, pH ni kẹ́ ẹ máa yí, látorí 5.5 dé 8. Ìpele kejì yìí lọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í ṣe, òun sì ni mo rí i pé ó máa ń tú àṣírí jù.

Ohun kan tún wà níbí. Álọ́ọ̀mù máa ń jẹ alkalinity omi, ìyẹn agbára tí omi fi ń kojú ásíìdì. 1 mg álọ́ọ̀mù máa ń jẹ bíi 0.5 mg ẹ̀, torí náà 40 mg álọ́ọ̀mù á jẹ 20. Tí omi yín ò bá ní ju 15 lọ látilẹ̀, irú omi òjò tàbí omi odò tó fúyẹ́, pH á já lulẹ̀, nǹkan ò ní dì mọ́, gbogbo alumíníọ̀mù á wá yọ́ sínú omi tó ti kan. Láìmù tàbí soda ash (ìyẹ̀fun tó ń gbé pH sókè ni wọ́n, kì í ṣe láìmù èso o) díẹ̀ ṣáájú álọ́ọ̀mù ló máa gbà yín. Díẹ̀ ni mo wí o. Tẹ́ ẹ bá dà á púpọ̀, ẹ ti sọdá sí òdìkejì nìyẹn.

Tí gbogbo ẹ̀ ò bá bọ́ sí i, PAC (polyaluminium chloride) wà, ìyẹn alumíníọ̀mù tí wọ́n ti ṣe é dé ìlàjì ọ̀nà kí wọ́n tó tà á, kì í jẹ alkalinity tó álọ́ọ̀mù, ó sì máa ń ṣe dáadáa nínú omi tó bá tutù gan-an. Àwọn míì máa ń bọ́ sórí ferric chloride, irin ni wọ́n fi rọ́pò ìyẹn, tó bá ṣẹ́kù omi á pọ́n, ẹ máa rí i lójú kedere, ó tiẹ̀ ní àǹfààní tiẹ̀ lọ́nà yẹn.

Ìgbésẹ̀ 6: Fíltà

Omi tó ń jáde nínú fíltà, kí NTU ẹ̀ má kọjá 0.3, tó bá lè wà ní 0.1 ló dáa jù. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ fíltà tán, omi tó kọ́kọ́ jáde á gbé àwọn ìdọ̀tí tó dì jáde, nígbà míì ó máa ń tó wákàtí kan kó tó fara mọ́. Ẹ má fi omi yẹn ránṣẹ́ sáwọn èèyàn, ẹ dà á nù. Ẹ má sì ṣí fíltà gbọgbọgbọ lójijì nígbà tí omi bá ń lọ púpọ̀, fífò tí omi fò yẹn máa ń já àwọn nǹkan tó ti dì sára iyanrìn.

Ẹ tún wo omi tẹ́ ẹ fi fọ fíltà, ṣé ẹ̀ ń dà á padà síbẹ̀rẹ̀ láti tún un lò ni? Alumíníọ̀mù tẹ́ ẹ ti yọ lẹ̀ ń dá padà yẹn, tí ò bá kọ́kọ́ tòrò dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 7: Lẹ́yìn fíltà, nínú páìpù

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń gbé pH sókè sí 8 níparí kí omi má báa jẹ páìpù. Ó dáa, àmọ́ lẹ́yìn fíltà ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ má ṣe é ṣáájú ẹ̀, torí lẹ́yìn fíltà èyí tó dì ti kúrò, kò sóhun tó kù tó máa yọ́. Ẹ tún tẹ́ẹ̀sì láìmù yín, nígbà míì alumíníọ̀mù wà nínú òun náà.

Alumíníọ̀mù tó bá yọ́ dé inú páìpù tí pH tàbí ooru ibẹ̀ wá yí padà á tún dì lọ́nà, á máa lẹ̀ mọ́ ara páìpù, á máa dín ọ̀nà omi kù, á máa fi kòkòrò pamọ́ fún kílórìn. Lọ́jọ́ tí omi bá ya gidi, gbogbo ẹ̀ á bọ́, omi funfun á jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, tẹlifóònù yín á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ máa ṣí ojú páìpù ìparí déédéé kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè jáde.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé

Tí omi yín bá ń ṣe funfun, ẹ bu ún sínú gíláàsì kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀. Tó bá ń mọ́ látìsàlẹ̀ lọ sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ni. Tó bá jẹ́ pé látòkè ló ti ń mọ́ wálẹ̀, tí nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ kan wá jókòó sísàlẹ̀ tó máa ń fò dìde tẹ́ ẹ bá kan gíláàsì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tá à ń sọ yìí, ẹ lọ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀.

Síse omi ò lè yọ alumíníọ̀mù, ó kàn ń pa kòkòrò ni, omi á tiẹ̀ dín kù, alumíníọ̀mù ò ní dín. Fíltà èédú ò ṣeé gbọ́kàn lé fún un. Ẹ̀rọ reverse osmosis, ìyẹn èyí tó ń ti omi gba inú awọ tín-ín-rín kan, ló máa ń yọ èyí tó ju 90% lọ, omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru ẹ̀ kó tún di omi náà dáa. Ẹ máa pààrọ̀ awọ inú ẹ̀rọ reverse osmosis yẹn bí àsìkò ẹ̀ bá tó, èyí tó ti gbó ò yàtọ̀ sí kò sí.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń fi álọ́ọ̀mù sómi fúnra yín, ẹ yé fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ lo omi 10 g nínú lítà kan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dán an wò nínú lítà kan ṣáájú, ẹ mú dóòsì tó kéré jù tó jẹ́ kó tòrò. Ẹ rò ó dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ rọra gba omi òkè, ẹ fi aṣọ tó nípọn sẹ́ ẹ. Tó bá ń fa ahọ́n tàbí tó kan lẹ́nu, ó ti pọ̀ jù, ẹ má mu ún. Lẹ́yìn náà ẹ sè é tàbí kẹ́ ẹ fi kílórìn sí i, torí omi tó tòrò kì í ṣe omi tó ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò.

Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa tàbí tó ń lo ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ̀ ọ́ fún un ìgbà tí wọ́n tẹ́ẹ̀sì alumíníọ̀mù omi wọn kẹ́yìn, kò sí ìwà àfojúdi níbẹ̀. Kó sì ṣọ́ oògùn inú kíkan tó ní alumíníọ̀mù, pàápàá pẹ̀lú nǹkan tó ní ásíìdì sítíríkì, òun ló máa ń jẹ́ kí alumíníọ̀mù wọnú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Alumíníọ̀mù inú hóró oògùn bẹ́ẹ̀ kan lè ju èyí tí omi máa fún un láàárín oṣù mélòó kan.

Tí omi ilé yín bá sì ṣàdédé kan lẹ́nu lójijì, tó ń fa ahọ́n, tàbí àwọ̀ aláwọ̀ ewé ń yọ lára agbada ìfọwọ́, ẹ má dúró de rípọ́ọ̀tù kankan. Ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ má fi pò mílíìkì ọmọ, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò ike kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i lára, kẹ́ ẹ wá pe àwọn tó ń pèsè omi náà. Ẹ ní kí wọ́n sọ pH ẹ̀ fún yín kí wọ́n tó sọ ohunkóhun míì.